Ìbò Kì Í Sọ Irọ́ Di Òótọ́: Ta Ló Yẹ Kó Yan Olóòtú Ìwé Ìròyìn Sáyẹ́ǹsì Akẹ́kọ̀ọ́?

Tí àsìkò ìbò bá ti dé ní yunifásítì, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín. Pósítà á ti bo ògiri láti géètì títí dé ẹ̀yìn kàfítéríà. Gbogbo status WhatsApp á ti di fọ́tò ẹnì kan tó wọ súùtì, tó ń wo ọ̀kánkán bíi gómìnà tó fẹ́ ṣe sáà kejì. Ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ ń polongo, ẹni tó fẹ́ ṣe akápò ń polongo, ẹni tó fẹ́ ṣe olùdarí fàájì náà ò sùn. Láàárín wọn lẹ máa rí ẹnì kan tí wọ́n kọ Editor-in-Chief sábẹ́ orúkọ tirẹ̀. Ó ní òun fẹ́ di olóòtú àgbà ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹ ka pósítà rẹ̀ dáadáa: orúkọ ìnagijẹ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ amóríwú wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀. Àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo tó ti kọ rí, tàbí tó ti bá ẹlòmíì tún ṣe rí, kò sí níbẹ̀.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa, orí ìwé ìdìbò kan náà tí wọ́n ti ń yan ẹni tó máa ṣètò páátì ni wọ́n ti ń yan ẹni tó máa pinnu ohun tí wọ́n á tẹ̀ jáde nípa ibà, nípa oògùn, nípa omi tí à ń mu. Ẹni tó bá lọ́rẹ̀ẹ́ jù ló ń wọlé. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́fà, ìwé ìròyìn ò tíì jáde. Tó bá sì jàjà jáde, ẹ máa rí i pé wọ́n kó ìdajì rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdajì tó kù sì jẹ́ fọ́tò àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ò pọ̀. Mo fara mọ́ ọn pé ká máa dìbò yan olóòtú. Àmọ́ mo ní ẹjọ́ lórí ẹni tó yẹ kó dìbò náà, àti lórí ohun tó yẹ kí olùdíje ti ṣe lójú gbogbo èèyàn kó tó lẹ pósítà mọ́gi.

Iṣẹ́ wo gan-an ni olóòtú ń ṣe?

Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ebola ti wọ Nàìjíríà láti oṣù keje, nígbà tí Patrick Sawyer wọ bàálù láti Làìbéríà wá sí Èkó. Ó wá di òru ọjọ́ kan, ni fóònù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri ilẹ̀ yìí: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ mu díẹ̀ níbẹ̀, Ebola ò ní lè ràn yín. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ni ìyá yín jí lóru ọjọ́ náà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní láti jáde wá sọ pé irọ́ ni, wọ́n sì sọ pé ìròyìn ti dé pé ó kéré tán, èèyàn méjì ló ti kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀.

Oṣù kẹta ọdún 2020 náà ńkọ́? Donald Trump jáde, ó yin oògùn chloroquine pé ó lè wúlò fún àrùn Kòrónà. Kò pẹ́ rárá tí àwọn aláṣẹ ìlera fi kéde pé àwọn kan ti lo oògùn náà ní ìlòkulò ní Èkó, wọ́n sì ti dèrò ọsibítù.

Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kẹ́nì kan ti béèrè kí ọ̀rọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: níbo lo ti rí i? Olóòtú ìwé sáyẹ́ǹsì ni ẹni tá a gbé síbẹ̀ láti máa béèrè ìbéèrè yẹn lójoojúmọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á mú àpilẹ̀kọ wá pé ewé kan wà tó ń wo àtọ̀gbẹ. Olóòtú á ní: ta ló dán an wò? Ṣé ara èèyàn ni àbí ara eku inú láàbù? Àwọn mélòó ni wọ́n lò ó fún, àwọn mélòó ni wọn ò lò ó fún kí wọ́n lè fi wéra? Ewé tó ṣiṣẹ́ lára eku mẹ́wàá kò tíì ṣe nǹkan kan fún ìyá yín. Ẹni tó kọ ọ́ lè bínú. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé òun gan-an ló bá a pín ìwé ìpolongo kiri họ́sítẹ́ẹ̀lì. Olóòtú gbọ́dọ̀ ṣì lè wojú rẹ̀ kó sọ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, má bínú, a ò lè tẹ èyí jáde bó ṣe wà yìí."

Ní ayé ChatGPT tá a wà yìí, iṣẹ́ náà tún wúwo sí i. Ẹ̀rọ lè bá èèyàn kọ àpilẹ̀kọ tó dùn ún kà lẹ́nu ìṣẹ́jú kan, kó tún fi orúkọ ìwádìí tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí há a láàárín, pẹ̀lú ọdún àti orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tí kò bá lọ wá ìwádìí náà kàn fúnra rẹ̀ kò lè mọ̀ láéláé.

Ó ti pẹ́ tó ti ń so èso

Àwọn kan á ní, ṣé nítorí magasíìnì akẹ́kọ̀ọ́ náà ni gbogbo atótónu yìí? Ẹ gbọ́ ná. Ní 1886, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ H. G. Wells ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Normal School of Science ní London, ilé ẹ̀kọ́ tó padà di ara Imperial College. Thomas Huxley ti kọ́ ọ ní ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Science Schools Journal, òun sì ni olóòtú àkọ́kọ́. Nígbà tó di 1887, Wells fìdí rẹmi nínú ìdánwò jiọ́lọ́jì, ó sì kúrò níbẹ̀ láìgboyè. Àmọ́ ní 1888, ìwé ìròyìn yẹn tẹ ìtàn kan tó kọ jáde, èyí tó pè ní The Chronic Argonauts, nípa ọkùnrin kan tó kan ẹ̀rọ tó lè gbé èèyàn lọ sí ayé àná àti ayé ọ̀la. Ìtàn yẹn ló tún kọ títí tó fi di The Time Machine ní 1895, ìwé tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́.

Nílé wa níbí, Chinua Achebe dé University College, Ibadan, ní 1948 láti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ó yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà, ó sì padà di olóòtú University Herald, ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Ní Ìbàdàn kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn dá ìwé tiwọn sílẹ̀ ní 1960, ọdún tá a gbòmìnira. Dokita ni wọ́n pè é, orúkọ tí ìyá àgbà tí kò kàwé pàápàá lè pè. Ibi tí irú àwọn èèyàn báyìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ tó gùn jù kúrò nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Ẹni tá a bá gbé ibẹ̀ lé lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ṣé sáyẹ́ǹsì ń dìbò ni?

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì fúnra wọn: "Ẹ̀yin lọ́yà lẹ fẹ́ràn ìbò. Ní tiwa, a kì í dìbò kí omi tó hó. Kí ló dé tá a fi ń dìbò yan olóòtú?"

Ìbéèrè náà dáa, ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn. Lóṣù kẹjọ ọdún 2006, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa sánmà lágbàáyé pàdé ní ìlú Prague. Àwọn tó lé ní 400 na káàdì ìdìbò sókè, wọ́n fìdí ìtumọ̀ tuntun múlẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà pílánẹ́ẹ̀tì, bí Pluto ṣe kúrò lára àwọn mẹ́sàn-án tí wọ́n kọ́ wa ní praimárì nìyẹn. Inú bí àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n dìbò lé lórí: orúkọ tá a máa fi pè é ni. Pluto ò tóbi sí i, kò kéré sí i, ọ̀nà tó ń gbà yí oòrùn po kò sì yẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ìbò tó lè ṣe ìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni olóòtú rí. A ò dìbò kí àpilẹ̀kọ kan lè jẹ́ òótọ́. À ń dìbò láti fún ẹnì kan láṣẹ pé kó dá àpilẹ̀kọ padà tí ẹ̀rí rẹ̀ ò bá tó. Àṣẹ sì rèé, ẹni tó bá máa lò ó lórí èèyàn gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ èèyàn. Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé, lọ́wọ́ àwọn èèyàn wo?

Ọ̀nà kìíní: kí gbogbo èèyàn dìbò

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, ó sì ní ẹwà tirẹ̀. Owó ẹgbẹ́ gbogbo wa ni wọ́n fi ń tẹ̀wé, nítorí náà kí gbogbo wa yan ẹni tó máa ná an. Ó tún ṣòro fún ẹnì kan ṣoṣo láti fi ìwé náà sápò nígbà tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ń dìbò.

Àwọn ibì kan wà tó ń ṣiṣẹ́ fún. Ní Imperial College tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó ń jẹ́ Felix, tó ti wà láti 1949. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń dìbò yan olóòtú rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé olóòtú náà máa ń fi ọdún kan gbájú mọ́ iṣẹ́ yìí nìkan ni, owó oṣù sì wà níbẹ̀. Nǹkan míì tún wà lórí ìwé ìdìbò wọn, bó ṣe wà ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì: lẹ́yìn orúkọ àwọn olùdíje, wọ́n máa ń fi orúkọ kan sí i, RON. RON kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó yẹ nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ lọ tún fọ́ọ̀mù tà. Tí RON bá ní ìbò jù, gbogbo wọn á padà sílé, ìdíje á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ rò ó wò ká ní RON wà lórí ìwé ìdìbò tiwa níbi. Àwọn kan ò bá ti mọ ara wọn.

Tiwa yàtọ̀ síyẹn. Olóòtú wa ní lẹ́kíṣọ̀ láago mẹ́jọ, ó ní práktíkà láago méjì, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún un. Ọmọ ọdún kìíní tó fẹ́ dìbò fún un kò sì tíì rí iṣẹ́ rẹ̀ rí. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya dìndìnrìn. Kò ní ohun tó máa fi ṣèdájọ́ ni, nítorí iṣẹ́ olóòtú wà lábẹ́lẹ̀: tó bá ṣe é dáadáa, àṣìṣe tó yẹ ká rí la ò ní rí. Ohun tó kù fún un ni kó wo ẹni tó kí i lọ́nà, ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sí féló kan náà, ẹni tí wọ́n jọ wá láti ìpínlẹ̀ kan náà. Ohun tó mọ̀ ló fi dìbò.

Ọ̀nà kejì: "ọmọ mi nìyí"

Àwọn kan rí wàhálà ìbò yìí, wọ́n ní kí olóòtú tó ń lọ kúkú mú ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀, tàbí kí olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ yàn án. Ó yá, kò sí ariwo, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n mú ẹni tó mọ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí olùkọ́ ló máa ń yan olóòtú rẹ̀. Wọ́n kọ àpilẹ̀kọ kan nípa omi họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n ti ṣe gbogbo ètò tán, ìwé ti wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Wọ́n ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì yọ ọ́. Kò sí lẹ́tà, kò sí àlàyé, ojú ìwé méjì tó ṣófo ni wọ́n fi ìpolówó bisikíìtì dí. Olóòtú ò sọ̀rọ̀, nítorí ó mọ ẹni tó gbé òun síbẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi náà tí mo wà ní ipò rẹ̀, bóyá ni mi ò ní dákẹ́.

Ẹ tún wo ohun tó wọ́pọ̀ nínú yíyàn báyìí: ọ̀rẹ́ ń gbé e fún ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, gbogbo àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ á ti jẹ́ ọmọ yàrá kan náà. Wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé táwọn ọmọ ẹ̀ka yòókù ò fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́.

Ọ̀nà kẹta: kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yan olórí iṣẹ́

Àwa tá a kọ́ òfin mọ ìwé kan dáadáa: Harvard Law Review, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1887. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni olóòtú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n á kọ àpilẹ̀kọ ránṣẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún á kà á, á ní kó lọ tún apá kẹta ṣe. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ìdíje ìkọ̀wé kọjá. Àwọn tó bá ti wọlé, tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́, ni wọ́n wá ń dìbò yan ààrẹ láàárín ara wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1990, wọ́n yan ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 28 kan, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó máa dé ipò náà láti ìgbà tí ìwé yẹn ti wà. Barack Obama ni. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí ni pé lára àwọn tó dìbò fún un ni àwọn tí èrò òṣèlú wọn ò bá tirẹ̀ mu rárá. Wọ́n ti bá a jókòó lórí tábìlì kan náà, wọ́n sì gbà pé ó máa gbọ́ tẹnu àwọn náà. Àwọn tó wà lóde ò lè mọ ìyẹn nípa èèyàn, bó ti wù kí pósítà rẹ̀ dán tó.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìlú kì í tò sórí ìlà dìbò yan Aláàfin. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ni wọ́n ń yan ọba láàárín àwọn ọmọ oyè. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ló lágbára láti sọ fún Aláàfin tó bá ṣi agbára lò pé ìlú ti kọ̀ ọ́. Àwọn Ògbóni sì tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì fúnra wọn. Àwọn díẹ̀ ló ń yàn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n yàn ṣeé yọ, ẹlòmíì sì ń wo ọwọ́ àwọn tó yàn án.

"Ẹ fẹ́ kó o fún àwọn kàbáàlì ni!"

Mo ti ń gbọ́ ohùn yín. Ẹ ó ní tó bá jẹ́ pé àwọn tó wà nínú ìwé ìròyìn nìkan ló ń dìbò, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n á máa yan ara wọn títí ayé. Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tí ẹ bá mú ọ̀nà kẹta láìfi nǹkan kan tì í, ọ̀nà kejì ló máa padà dà, ó kàn wọ aṣọ ìbò ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ ká kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé òfin ẹgbẹ́, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

Èkíní ni ìdánwò. Ẹ fún gbogbo olùdíje ní àpilẹ̀kọ burúkú kan náà, tó tó ẹgbẹ̀ta ọ̀rọ̀. Ẹ fi àṣìṣe pamọ́ sínú rẹ̀: ìṣirò kan tí kò jọra, ìwádìí kan tí kò sí láyé, ìpínrọ̀ kan tí wọ́n jí kọ, gbólóhùn kan tó ju ẹ̀rí rẹ̀ lọ. Wákàtí méjì, kí kálukú tún un ṣe, kó sì kọ lẹ́tà kúkúrú sí ẹni tó kọ ọ́. Lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tó mọ àṣìṣe àmọ́ tó ń fi èébú tọ́ èèyàn sọ́nà máa lé gbogbo òǹkọ̀wé lọ. Ẹ yọ orúkọ kúrò, ẹ fi nọ́ńbà sí i. Kí olóòtú àná méjì àti olùkọ́ kan láti ẹ̀ka míì máàkì í. Kẹ́ ẹ wá lẹ iṣẹ́ wọn mọ́ ara bọ́ọ̀dù kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo fákọ́tì rí i.

Èkejì ni ẹni tó lè dìbò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá ìwé náà ṣiṣẹ́ láàárín sẹ̀mẹ́sítà méjì sẹ́yìn: ẹni tó kọ̀wé, ẹni tó ya fọ́tò, ẹni tó to ojú ìwé, ẹni tó wá ìpolówó. Kí ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan náà fi aṣojú kan ránṣẹ́, kí àwọn tó ń sanwó ẹgbẹ́ lè lójú níbẹ̀. Kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí fún ẹni tuntun ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ dìbò, kó wá ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni bá a ṣe ń ka ìbò. Ká ní èèyàn 200 ló dìbò. Olùdíje méjì mọ iṣẹ́: ọ̀kan gba 65, èkejì gba 60. Ẹnì kẹta, aláwàdà tí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ̀, gba 75. Lábẹ́ òfin tá à ń lò, aláwàdà ti wọlé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ èèyàn 125 ló fẹ́ ẹlòmíì. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé kálukú kọ 1, 2, 3 síwájú orúkọ, ẹni tó gba 60 á kọ́kọ́ bọ́ọ́lẹ̀, a ó sì wo ẹni tí àwọn 60 yẹn fi ṣe ìkejì. Ká ní 50 nínú wọn yan ẹni tó gba 65, tí 10 yan aláwàdà. Á di 115 sí 85. Àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ ò pín ìbò ara wọn mọ́. Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi RON sí i.

Ẹ̀kẹrin ni ìfàṣẹléni lọ́wọ́. Ẹ yan olóòtú ọ̀la ní àárín ọdún, kó fi sẹ̀mẹ́sítà kan ṣe igbákejì. Ọ̀pọ̀ magasíìnì wa ò kú nítorí owó. Wọ́n kú nítorí pé olóòtú lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Sokoto, password ímeèlì sì wà lórí fóònù tó sọ nù. Kí àkọsílẹ̀ wà: password, rìsíìtì, orúkọ àwọn tó ń polówó ọjà, gbogbo ẹ̀dà tó ti jáde.

Ẹ̀karùn-ún ni ààlà agbára. Abala 39 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní èrò tirẹ̀, kó sì tan ìmọ̀ àti ìròyìn kálẹ̀. Wọn ò sọ níbẹ̀ pé àyàfi akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó ń bójú tó wa gba olóòtú nímọ̀ràn. Tó bá fẹ́ dá àpilẹ̀kọ dúró, kó kọ ìdí rẹ̀ sórí ìwé, kó buwọ́ lù ú, ká tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ máa yà á lẹ́nu bí àwọn àpilẹ̀kọ tí wọ́n ń dá dúró ṣe máa dín kù. Bákan náà, kí olóòtú mọ̀ pé ẹ̀tọ́ yìí láàlà. Tí ìwé rẹ̀ bá ba èèyàn lórúkọ jẹ́, wọ́n lè pe òun náà lẹ́jọ́ pẹ̀lú ẹni tó kọ ọ́. Tó bá sì jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé e sí, òfin Cybercrimes ti 2015, tí wọ́n ṣàtúnṣe sí ní 2024, ń dúró dè é. Ẹni tó máa fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣé ẹni tó mọ àwàdà ṣe lẹ fẹ́ mú?

Ẹ̀kẹfà ni yíyọ. Kí ìpàdé gbogbo ẹgbẹ́ lè yọ olóòtú pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò, lórí ìdí mẹ́ta péré: ó jí iṣẹ́ kọ, ó kó owó jẹ, tàbí ìwé ò jáde nígbà tó yẹ láìsí àlàyé. Kí wọ́n má lè yọ ọ́ nítorí pé ó tẹ òótọ́ tó ń ta wọ́n lára jáde. Ibí yìí ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti ní agbára, wọn ò sì ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń tún gbólóhùn ṣe kí wọ́n tó mọ̀ pé wọn ò rí ìwé kà.

Kò sí èyí tó gba owó nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí. Ìpàdé méjì àti ìtìjú díẹ̀ ló máa gbà.

Ẹ bi wọ́n léèrè

Mo mọ̀ pé ìwé òfin ẹgbẹ́ kì í yí padà lọ́jọ́ kan. Ìbò tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì sí i lè jẹ́ bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ náà la máa ṣe é, pẹ̀lú Google Form, pẹ̀lú ariwo. Ẹ ṣì lè ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ di olóòtú bá wá bá yín lórí WhatsApp, tó ní "My great scientist, mo nílò ìbò rẹ o," ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Fi àpilẹ̀kọ kan hàn mí tó o tún ṣe, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe rí nígbà tó o ṣe é tán. Sọ nǹkan kan fún mi tó o kọ̀ láti tẹ̀ jáde tàbí láti fi ṣọwọ́ sáwọn ẹlòmíì, àti ìdí tó o fi kọ̀. Ta lo máa kọ́ níṣẹ́ kó tó o kúrò níbẹ̀?

Tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ dìbò fún un, kódà bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n rí, bí kò tiẹ̀ ní pósítà. Tí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ sọ fún un pé kó lọ gba fọ́ọ̀mù olùdarí fàájì. Ibẹ̀ náà ń wá èèyàn gidi.